Ẹ Má Kó Wọn Kúrò Níbi Tí Wọ́n Wà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó bá pátá Fẹlá pàdé nínú rẹ̀ kí a tó parí.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ti wọ àwọn ọ̀làjú wa lára. Wọ́n ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kéékèèké tí ó fọ́n káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà kò yẹ orílẹ̀-èdè ńlá. Kí ni ìlú bí Ẹ̀sìẹ́ fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún ère ṣe? Ta ni yóò wọkọ̀ dé Àgbádárìgì nítorí ẹ̀wọ̀n tí ó ti dípẹtà? Wọ́n ní kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ilé ńlá kan ní Èkó tàbí ní Àbújá, bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe, kí òpó funfun wà níwájú rẹ̀, kí ohun gbogbo wà lábẹ́ dígí, kí àlejò lè rí i tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà lọ sí ilé rẹ̀. Èmi kò gbà. Mo sọ pé ìmọ̀ràn náà kò dára, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dé gbòǹgbò, nítorí pé bí a bá gbà á, a jẹ́ pé ohun tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó fi ipá ṣe ní ààfin Bìní ní 1897 ni àwa yóò fi ọwọ́ ara wa ṣe ní ìlú ara wa, pẹ̀lú ìwé àṣẹ àti ọ̀rọ̀ dídùn.

Ẹ jẹ́ kí a ti Ẹ̀sìẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n. Ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Jọ́ọ̀sì kò dé títí di 1952, ti Ilé-Ifẹ̀ di 1954, ti Oníkàn ní Èkó di 1957. Ìlú tí àwọn ọ̀làjú wa ń pè ní ìgbèríko ti ń tọ́jú ohun àtijọ́ sínú ilé fún ọdún méjìlá gbáko kí Èkó tó kọ́ ọ ṣe.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ní irú. Ère òkúta ni wọ́n, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, òkúta rírọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní òkúta ọṣẹ ni a sì fi gbẹ́ wọn. Òmíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Òmíràn ga tó ọmọdé tí ó ti ń sáré. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jókòó lórí àpótí, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ó wà ní ààfin tí ń dúró kí ọba jáde. Àwọn kan mú idà lọ́wọ́, àwọn kan mú ọrun àti ọfà, kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó ń mú idà. Irun orí wọn ni ìyanu: ẹni tí ó dì í wà, ẹni tí ó gbé e sókè bí adé wà, kò sí onídìrí kan ní Ìbàdàn lónìí tí kò ní rí ohun kọ́ níbẹ̀. Ilà wà ní ojú púpọ̀ nínú wọn. Ta ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò fi iyì tí kì í ṣe tiwọn bo ara wọn. Wọ́n ní àwọn bá wọn níbẹ̀ ni. Ìtàn wọn ni pé àlejò ni àwọn ère náà nígbà kan, pé wọ́n wá kí ọba, ibi tí wọ́n sì jókòó sí ni wọ́n ti di òkúta.

Ní 1933 ni H. G. Ramsay, òyìnbó alábòójútó ilé-ìwé, fi ìròyìn wọn tó ìjọba létí, àwọn ìwé kan sì ń sọ títí di òní pé òun ni ó ṣàwárí wọn. Ẹ̀rín a máa pa mí bí mo bá kà á. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣàwárí ohun tí àwọn onílé ń bọ lọ́dọọdún? Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀tọ́ du ẹnìkan: nígbà náà inú igbó ni àwọn ère náà wà, lábẹ́ igi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kán lọ́rùn, àwọn orí kan sì ti bá àpò àjèjì lọ. Ó yẹ kí a ṣe nǹkan sí i. Kí ni a wá ṣe? A kò kó wọn lọ sí Èkó. Ìlú náà gan-an ni a kọ́ ilé fún wọn sí, a fi olùṣọ́ tì wọ́n, ọdún ère kò sì parẹ́.

Ẹ wá fi ojú inú wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kó wọn lọ sí Àbújá. Ère tí ó jókòó de ọba yóò jókòó de akọ̀wé tí ń gba owó ẹnu ọ̀nà. Wọn yóò mú ogún tí ó dára jù, wọn yóò fi iná àrà sí i lára, wọn yóò sì kó ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ̀rún àlejò nínú ìlú kan jẹ́ ìtàn. Ogún ère nínú gbọ̀ngàn kan kò ju ẹrù lọ. Ta ni yóò sì bá wọn ṣe ọdún? Òmíràn nínú yín yóò ní òun kò bá òrìṣà ṣe. Ó dára, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ bọ ọ́. Àwọn òyìnbó tí ẹ ń wò fi owó ńláńlá tọ́jú òrìṣà Gíríìkì tí wọn kò gbà gbọ́ rárá, ẹ̀yin náà sì sanwó láti lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n máa ń sọ ni ọ̀rọ̀ ààbò. Wọ́n ní olè yóò wọ ilé kékeré. Òótọ́ ni, olè ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé wo ni olè kò wọ̀? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ilé kékeré, wọ́n sì jà á lólè ní 1987. Ti Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, olè sì fọ́ ọ léraléra ní àárín 1993 sí 1994. Ti Oníkàn ńkọ́, tí ó wà ní ọkàn Èkó pẹ̀lú ọlọ́pàá àti irin ojú fèrèsé? Ní 1973, nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon fẹ́ lọ kí Ọbabìnrin Elizabeth ní Lọ́ńdọ̀nù, orí idẹ Bìní kan ni a mú jáde láti Oníkàn tí a fi ṣe ẹ̀bùn fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó fi rò pé ayédèrú ni, kí wọ́n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n rí i pé ojúlówó ni. Olè kò fọ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni a fi ṣí i. Bí ohun gbogbo bá wà ní abẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan, ọwọ́ kan ṣoṣo náà ni yóò lè ṣí gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Òrón, ní etídò ìhà ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún. Àwọn ará Òrón a máa gbẹ́ ère igi fún àwọn baba ńlá wọn, ekpu ni wọ́n ń pè é, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. K. C. Murray, òyìnbó tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wa ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, rí i pé ikán ń jẹ wọ́n, oníṣòwò sì ń jí wọn, ó sì kó wọn jọ. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta, a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1959. Inú rere ni ó fi ṣe é. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní 1967, ibi kan ṣoṣo náà ni ogun bá gbogbo wọn. Nígbà tí ogun tán ní 1970, díẹ̀ ni ó kù. Ilé náà tún ṣí lẹ́yìn náà, ó sì yẹ kí ènìyàn lọ wo àwọn àgbà onírùngbọ̀n gígùn tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń pariwo ààbò kọ́kọ́ lọ dúró níwájú wọn ná.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì báyìí, èyí tí ó kan àwa àti àwọn olóyè wa gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ènìyàn mọ ilé alájà àkọ́kọ́ tí ó wà níbẹ̀, tí àwọn oníwàásù fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà òun ni a máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wò. Ilé méjì mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ lọ. Èkíní ni ilé ìdílé Mobee. Baba ńlá wọn jẹ́ olóyè, ó sì jẹ́ oníṣòwò ẹrú. Ẹ̀wọ̀n tí a fi ń de àwọn ẹrú ṣì wà nínú ilé náà: ẹ̀wọ̀n ọrùn, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀, irin tí a fi ń ti ẹnu ènìyàn pa kí ó má lè jẹun kí ó má lè sọ̀rọ̀, àti ẹ̀wọ̀n ọmọdé. Èkejì ni ilé Sẹ̀ríkí Faremi Williams Abass. Ọmọ ilẹ̀ wa ni Faremi. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé ilẹ̀ Bràsílì, ó padà wá sílé, òun náà sì di olówò ẹrú, ó di Sẹ̀ríkí àwọn Mùsùlùmí, ó sì gbé ní ọlá títí ó fi kú ní 1919. Ogójì yàrá ni wọ́n ń kà nínú ilé tí a ń kó ẹrú pamọ́ sí níbẹ̀. Agboòrùn wà níbẹ̀, àwo tánganran wà níbẹ̀. Àwọn tí ń fi ilé náà hàn a sì máa sọ fún ọ pé ogójì ènìyàn ni a san fún agboòrùn kan.

Ta ni ń sọ ọ́? Àwọn ọmọ ilé náà. Níbi yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Nígbà tí ọmọ Mobee bá gbé ẹ̀wọ̀n náà lé ọ lọ́wọ́ kí o lè mọ ìwúwo rẹ̀, tí ó sì ní baba wa ni ó fi ṣòwò, ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tí ó ni ín. Bí a bá gbé ẹ̀wọ̀n kan náà lọ sí Àbújá, a ó kọ ọ́ sára pákó kan pé a máa ń ta ẹrú láyé àtijọ́. Ta ni ó tà wọ́n? Ẹnìkan. Níbo? Níbìkan. Olówó oṣù tí ó dúró tì í yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí kì í ṣe baba tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ó ní ìtìjú ni irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ìdílé ọlọ́lá, pé kí a tì í. Mo fẹ́ bá wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mélòó nínú àwọn agbo ilé ńláńlá wa, láti etí òkun títí dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni kò jẹ nínú owó náà? Mélòó ni ó ní irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ lókè àjà títí di ìgbà tí ẹnìkan sọ ọ́ nù tàbí tí alágbẹ̀dẹ fi rọ ọkọ́? Àwọn Mobee kò sọ tiwọn nù. Àwọn ọmọ àwọn tí a tà ń ti Amẹ́ríkà àti Bràsílì wá, wọ́n ń wọ ilé náà, ọmọ olùtà àti ọmọ ẹni tí a tà a sì máa dúró nínú yàrá kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé èyí rọrùn kí ó gbìyànjú rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Kò sí gbọ̀ngàn ìjọba kan tí ó lè ṣe é.

Ìdílé náà ni ó mú mi dé Ìkẹjà, ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, níbi tí ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wà. Fẹlá kú ní 1997, a sin ín síwájú ilé rẹ̀, ní 2012 a sì sọ ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń pè ní Kalakuta. Àwọn fèrè rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, yàrá tí ó ń sùn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, pátá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, a tò wọ́n síta kí gbogbo ayé rí i. Mo ti mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ. Wọn yóò ní ìwà wo nìyí? Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó máa ń fi pátá nìkan gba àlejò, tí ó sì máa ń fi í kọrin, ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ ní agbádá lẹ́yìn ikú, irọ́ ni ẹ pa. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ilé aláwàdà. Kalakuta ti àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ ogun dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, 1977. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, obìnrin tí àwọn olóyè Ẹ̀gbá kò lè gbàgbé, ni wọ́n tì jáde láti ojú fèrèsé òkè, kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ó fi kú. Ìjọba tí ó sun ilé àkọ́kọ́ ni ẹ fẹ́ kí a kó ẹrù ilé kejì fún?

Àwọn mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ní Umuahia, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun wà tí a ṣí ní 1985, ọkọ̀ ogun àti ohun ìjà tí àwọn Ìgbò fi ọwọ́ ara wọn rọ nígbà tí kò sí ẹni tí yóò tà á fún wọn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ihò abẹ́ ilẹ̀ tí Rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kó ihò náà lọ sí Àbújá kí n rí yín. Ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, nínú ọgbà rélùwéè, àwọn olùfẹ́ ìtàn kan tún Jaekel House ṣe, ilé òkè ti 1898, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sínú rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ ojú irin yóò sunkún níbẹ̀.

Ẹnìkan yóò wá fi Jọ́ọ̀sì dá mi lóhùn. Yóò ní, ǹjẹ́ kì í ṣe pé wọ́n kó ilé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà jọ síbẹ̀, tí ó sì dára? Ó dára púpọ̀. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ni ó rin ilẹ̀ yìí já tí ó wọn ilé wa ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi amọ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Zaria àti odi Kánò sí Jọ́ọ̀sì ní títóbi wọn gan-an. Ṣùgbọ́n àwòṣe ni. Dmochowski kò wó mọ́ṣáláṣí Zaria kí ó tó kọ́ ti Jọ́ọ̀sì. Bí Àbújá bá fẹ́ àwòṣe ère Ẹ̀sìẹ́, àwọn agbẹ́gilére àti agbẹ́kùúta wa kò tíì kú tán. Kí wọ́n sanwó, a ó gbẹ́ ẹ fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé mo bá Èkó jà. Èkó ní tirẹ̀. Ọkọ̀ Mercedes dúdú tí a yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, 1976, wà ní Oníkàn pẹ̀lú ihò ọta ní ara rẹ̀. Ojú títì Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Èkó ni kí ó wà. Bí ẹnìkan bá ní kí a gbé e lọ sí Kánò tàbí Àbújá, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá Èkó pariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kán lójú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé àwọn ohun tí a jí ti ń padà bọ̀. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí dá idẹ Bìní padà ní 2022; ilẹ̀ Họ́láǹdì dá 119 padà ní 2025. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2023 pé Ọba Bìní ni ó ni wọ́n. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí a fẹ́ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun ńlá kan ní Ìlú Bìní, àwọn olùfẹ̀hónúhàn ya wọ inú ọgbà náà, àlejò sì sá. Èmi kò wá dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kí ilé tóbi kò tíì dáhùn ìbéèrè ta ni ó ni ín. Ẹ̀sìẹ́ ti dáhùn tirẹ̀ láti 1945.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò le. Ẹ̀yin olóyè, ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán gbogbo ohun àtijọ́ tí ó wà ní ààfin àti agbo ilé yín, kí a kọ iye wọn sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì wà ní ilé-ìwé gíga tí ó bá sún mọ́ yín jù. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, bí olè bá gbé e, kò sí adájọ́ tí yóò gbà pé tiwa ni. Ẹ jẹ́ kí ìlú máa san owó ọlọ́dẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ bí ìjọba bá gbàgbé rẹ̀, ìjọba a sì máa gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá láti òkè pé kí ẹ kó ẹrù yín fún ilé ńlá, ẹ fún un ní omi mu, ẹ kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ kò kó o. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ kò sì tíì dé ilẹ̀ Ìgbómìnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání kí ọdún yìí tó yí. Láti Ìlọrin, ọ̀nà Ọmù-Àrán ni ẹ ó gbà, ẹ ó sì yà ní Òró, kò jìnnà. Kí ẹ tó wọ ọ̀dọ̀ àwọn ère náà, ẹ kọ́kọ́ yà sí ààfin, kí ẹ kí Ẹlẹ́sìẹ́, nítorí àwọn àlejò tí ó ṣáájú yín dé ibẹ̀ ṣì jókòó.